Oúnjẹ àti Ọmọ: Ẹnu Ọ̀nà tí Ọlọ́run Gbà Wọ Ilé Náómì

(Ìyá kan nínú ìjọ, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé àwọn ìdílé ní Kubwa, Abuja. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí iná ti lọ tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ohùn wọn.)

Ẹ kú ìjókòó o. Olùṣọ́-àgùntàn wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ fi eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wá síbí lọ́sàn-án Sátidé, Olúwa ti rí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ipá mú wá, ẹ̀yin náà, ẹ kú sùúrù.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ nínú ìdílé. Nígbà tí Ìyá Ìjọ gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo bi wọ́n pé, “Ìyá, ìdílé wo ni? Ṣé ìdílé tó wọ aṣọ kan náà nínú fọ́tò ni, àbí ìdílé tó ń wá ọṣẹ kiri nílé ìwẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí?” Wọ́n ní èyí tó ń wá ọṣẹ ni. Mo ní ó dáa, màá wá. Wọ́n wá fi kún un pé kí n má yọ ọ̀rọ̀ òfò sílẹ̀, torí pé lọ́dún yìí ikú ti kan ilẹ̀kùn púpọ̀ láàrin wa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú ìwé Rúùtù wá.

Ìwé tí áńgẹ́lì kò yọjú sí

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Rúùtù. Orí mẹ́rin péré ni. Ẹ bá mi wá nǹkan níbẹ̀. Ẹ bá mi wá áńgẹ́lì. Ẹ rí i? Kò sí. Ìran ńkọ́? Kò sí. Wòlíì ńkọ́? Wòlíì kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Òkun kò pín, iná kò ti ọ̀run bọ́. Àwọn èèyàn inú ìwé náà ń dárúkọ Olúwa o, wọ́n ń fi kí ara wọn nínú oko, wọ́n ń fi súre, wọ́n ń fi búra. Gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá ibi tí ẹni tó kọ ìwé náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Olúwa ṣe nǹkan báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa rí i. Orí kìíní, ẹsẹ kẹfà: Náómì gbọ́ ní ilẹ̀ Móábù pé Olúwa ti bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ wò, ó ti fún wọn ní oúnjẹ. Orí kẹrin, ẹsẹ kẹtàlá: Olúwa jẹ́ kí Rúùtù lóyún, ó sì bí ọmọkùnrin kan.

Ó tán o. Oúnjẹ àti ọmọ.

Ọkùnrin mẹ́ta ló kú nínú ìwé yẹn. Obìnrin mẹ́ta di opó. Ìyá arúgbó kan délé lọ́wọ́ òfo, ó ń sunkún. Kí ni Ọlọ́run wá ṣe sí i? Òjò rọ̀, ọkà hù, obìnrin kan lóyún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dìde jẹ́rìí sí. Ìgbà wo la gbọ́ kẹ́yìn níwájú pẹpẹ pé, “Ẹ yin Olúwa, ìrẹsì mi jinná lánàá”?

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ nìyẹn, n kò ní ju ìyẹn lọ. Ọlọ́run tí à ń gun òkè lọ bá, tí à ń fi ìrìn àjò wákàtí púpọ̀ wá lọ sí àgọ́ àdúrà, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló sábà máa ń gbà wọlé. Ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ bá sì ṣẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni yóò tún gbà. N kò ní kí ẹ má lọ sórí òkè o! Èmi náà ń lọ. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá àwọn olórí òkè.

Móábù tiwa

Ìyàn ló lé Elimélékì, ọkọ Náómì, kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó kó ìyàwó àti ọmọ méjì, ó lọ wá oúnjẹ ní ìlú onílùú. Ta ni nínú wa níbí tí kì í ṣe ọmọ Elimélékì? Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti ilẹ̀ Ìgbómìnà, wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá. Nígbà tí ojú irin Èkó fi máa so pọ̀ mọ́ ti Kánò ní nǹkan bí 1912, ọ̀nà ti là fún wọn. Minna, Zaria, Kafanchan, Sabon Gari ní Kánò, Jos, ibi tí wọ́n bá ti na àtẹ ni wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn nínú yín bá ìjọba wá, nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù December, ọdún 1991. Fáìlì ló ṣáájú yín, ẹ̀yin tẹ̀ lé e. Ìjà ló gbé àwọn kan wá: wọ́n sá kúrò ní Kaduna lọ́dún 2000, wọ́n sá kúrò ní Jos lọ́dún 2001, wọ́n ní ká kúkú lọ sí Abuja níbi tí ààrẹ ń gbé. Kò sẹ́nì kankan tó wá síbí nítorí ẹwà àpáta Zuma.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì ní wọ́n lo bí ọdún mẹ́wàá ní Móábù. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe àbẹ̀wò. Wọ́n gbéyàwó níbẹ̀. Wọ́n sè, wọ́n jẹ, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà. Ìwé mímọ́ kò sọ ohun kan fún wa nípa ọdún mẹ́wàá yẹn, mo sì máa ń rò ó pé ibẹ̀ gan-an ni Rúùtù ti rí ohun tó rí lára ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin Móábù tó dúró lójú ọ̀nà tó ní “Ọlọ́run rẹ ni yóò jẹ́ Ọlọ́run mi”, níbo ló ti mọ Ọlọ́run náà? Ta ló wàásù fún un? Ilé ọkọ rẹ̀ ló ti rí i. Bí Náómì ṣe ń bu oúnjẹ ló ti rí i, bó ṣe ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Àwọn tó ń gbé ní Mararaba àti Nyanya láàrin yín mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàbá ti jáde kí aago márùn-ún tó lù, torí pé tó bá pẹ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á gbé e mì. Tó bá fi máa dé lálẹ́, àwọn ọmọ ti sùn. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àwọn kan ń sùn sí ọ̀fíìsì láàrin ọ̀sẹ̀, torí owó ọkọ̀. Ìgbà wo wá ni àdúrà ìdílé? Tẹ́ ẹ bá wo ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń pín fún wa, aago márùn-ún ìdájí ni, orin méjì, ẹ̀kọ́ kíkà, àdúrà láti orí ẹni tó kéré jù. Ó dáa. Ilé tó bá lè ṣe é, kó máa ṣe é. Ilé tí kò lè ṣe é, ṣé Ọlọ́run ti jáde níbẹ̀?

Bàbá kan wà, kò sí níbí lónìí, ó máa ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ìwé ní Garki kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó wá bá mi nígbà kan, ojú ń tì í, ó ní, “Màámi, pẹpẹ ìdílé wa ti wó.” N kò mọ èsì tí n bá fún un. Ọjọ́ Ìsinmi kan la wá bi àwọn ọmọ léèrè pé ta ló mọ Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà lórí. Ọmọ yìí dìde, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A ní, “Ta ló kọ́ ẹ?” Ó ní, “Bàbá mi ni, nínú mọ́tò, tí a bá há sí Nyanya.” Mo ní òkè wo ni òkè tó wà nínú Sáàmù náà. Ó ní, “Ẹ̀yin Màmá ò mọ̀ ọ́n ni? Èyí tá a máa ń rí tí a bá ti dé A.Y.A. ní Asokoro.”

Ẹ lọ ka Diutarónómì orí kẹfà, ẹsẹ keje. Mósè ní kí o máa bá àwọn ọmọ rẹ sọ ọ́ nígbà tí o bá jókòó nínú ilé, nígbà tí o bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí o bá dùbúlẹ̀, nígbà tí o bá dìde. Ọ̀nà wà nínú ẹ. Ọ̀nà Nyanya náà wà nínú ẹ.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni mo fẹ́ fi rán yín létí nǹkan tó ṣòro sọ. Ọjọ́ 14 oṣù April, ọdún 2014. Ọjọ́ Ajé ni, Ọjọ́ Ajé inú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Lánàá rẹ̀ la gbé imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ń kọ Hòsánà yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya, nígbà tí àwọn èèyàn ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn tó kú lé ní 70. Wọn kò lọ jagun, wọn kò lọ wá wàhálà. Wọ́n ń lọ wá oúnjẹ ni, bí Elimélékì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya ń sọ fúnra wọn lẹ́nu ọ̀nà, èwo nínú rẹ̀ ló jẹ́ àdúrà? “Ra búrẹ́dì bọ̀.” “Ṣé o ti mú kọ́kọ́rọ́?” “Gáàsì ti fẹ́ tán o.” Ẹni tó bá pàdánù èèyàn lójijì, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn ló máa ń kù sí i lọ́wọ́. Àwọn opó ti sọ fún mi pé ó dùn àwọn pé ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò gbà. Ẹni tó ní kí o ra búrẹ́dì bọ̀ ń retí pé o máa bọ̀. Ìrètí ni. Ìfẹ́ ni.

Ọmọ kò láyọ̀lé

Ibi kejì rèé, ẹ bá mi ṣe sùúrù níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù.

Àwọn àgbà ní, ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Náómì bí méjì, òun ló sin méjèèjì. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti gbé ọmọ tó ń ké fún ìyá, mo sì ti gbé èyí tí kò ké. Mo mọ ohun tí àwa Yorùbá máa ń sọ nígbà náà. Ẹ bá mi parí rẹ̀: omi ló dànù...

Akèǹgbè kò fọ́. Ẹ ṣeun.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fẹ́ràn ìyá náà, ó ń dúpẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ kò bá ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi gbé omi náà. Ó ti mọ ìgbà tó máa ń ta ìpá. Ẹ̀yin wá dúró lórí rẹ̀, ẹ ń kí akèǹgbè kú oríire. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí.

A bí ọmọ kan ní Kaduna tí kò pé ọjọ́ mẹ́jọ. A ti ra oyin, a ti ra iyọ̀, ìyá ọkọ mi ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ náà lọ. Ọkọ mi àti àwọn bàbá inú ìjọ gbé e lọ sin, wọn kò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ń ṣe, a kì í fi ojú oórì ọmọ han ìyá. N kò bi ọkọ mi, òun náà kò sọ. A bí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ayé ń lọ. A kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ọmọ tí Bátíṣébà bí fún Dáfídì, ọjọ́ wo ló kú? Ó wà nínú Sámúẹ́lì Kejì orí kejìlá: ọjọ́ keje. Ó ku ọ̀la kó pé ọjọ́ mẹ́jọ! Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí ibẹ̀, ti Dáfídì ni: bó ṣe gbààwẹ̀, bó ṣe dìde, tó wẹ̀, tó jẹun, tó ní òun ni yóò lọ bá ọmọ náà, ọmọ náà kì yóò padà bá òun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ọ̀rọ̀ àjíǹde sì ni. Àmọ́ Bátíṣébà ńkọ́? Níbo ló wà ní ọjọ́ méje yẹn? Ọmú rẹ̀ ń kún. Kò sí oníwàásù tó béèrè. Ẹsẹ kẹrìnlélógún ṣáà ní Dáfídì tu Bátíṣébà aya rẹ̀ nínú. Bó ṣe tù ú nínú, a kò kọ ọ́. Bóyá nǹkan tọkọtaya ni.

Ó dáa. Ọkọ mi kú ní Kubwa níbí, ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n, ẹ dúró tì mí, Olúwa á dúró ti ẹ̀yin náà. A gbé e lọ sílé. A gba Lókọ́ja, a gba Kàbà, a gba Òmù-Àrán, a sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo padà wá. Nígbà tó yá, tí èrò ti túká, iná tán nínú mítà. Ọkọ mi ló máa ń ra iná. N kò mọ nọ́ńbà mítà, kí n má parọ́, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé mítà ní nọ́ńbà. Ọmọ mi pè lórí fóònù, ó ní, “Màámi, ẹ wo ẹ̀yìn Bíbélì Dádì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ nǹkan sí.” Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí i. Nọ́ńbà mítà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ńbà bíríkìlà wà lábẹ́ rẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ńtì nígbà tí à ń kọ́lé. Lábẹ́ ìyẹn ni ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà. Mo kà á. Mo tún un kà. Ọ̀kan lé.

Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ, bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ, ó sì fi í sí ipò rẹ̀ gan-an, láàrin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Orúkọ náà, èmi àti àwọn ọmọ la mọ̀ ọ́n.

Mo kọ́kọ́ ra iná. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan lè ní a kì í kọ nọ́ńbà bíríkìlà sínú Ìwé Mímọ́. N kò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn ti wàásù fún mi ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, gbogbo ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ̀ ló kó síbì kan náà níwájú Ọlọ́run: iná, ilé, ààyè ọmọ, òkú ọmọ. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló dé tí àwa ń yà wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí Náómì sọ̀rọ̀

Nígbà tí Náómì padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àwọn obìnrin ìlú yọ sí i. Ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, pé Olódùmarè ti hùwà kíkorò sí òun, pé kíkún ni òun jáde, òfo ni Olúwa mú òun padà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: kò sẹ́ni tó bá a wí. Kò sẹ́ni tó ní, “Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa dúpẹ́.” Tó bá jẹ́ inú ìjọ wa ni, ẹni mẹ́ta á ti dìde, wọ́n á ní ẹ̀mí ìbínú ti wọ ìyá, wọ́n á gbé òróró wá. Bíbélì kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì ń bá ìtàn lọ. Ọlọ́run kò dá a lóhùn. Ẹ tún wò ó: ó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè báálì. Ìdáhùn ti wà nínú oko kó tó fẹ̀sùn kàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é dáadáa. Ọjọ́ méje àti òru méje ni wọ́n fi bá a jókòó nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ tí wọ́n yanu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀, ó mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún. Tí ẹni tó ní àjíǹde lọ́wọ́ bá ráyè sunkún, kí ni àwa ń sáré bá?

Nígbà tí mo ń ṣọ̀fọ̀, aládùúgbò mi kan ń wá. Hausa ni, Mùsùlùmí ni. Gbólóhùn méjì ló mọ̀ láti sọ fún mi: “Sannu. Ki yi haƙuri,” ìyẹn ni pé, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ mú sùúrù. Á gbé kúlà kúnú sílẹ̀, á jókòó díẹ̀, á lọ. Ó ń wá nígbà tí àgọ́ ìsìnkú ṣì wà níta. Ó ń wá nígbà tí wọ́n ti tú u. Ó ṣì ń wá nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa ti kọjú sí aṣọ ìkórè. N kò sọ ọ́ láti bu ẹ̀tẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ torí pé ọmọ Móábù ni Rúùtù, Diutarónómì orí kẹtàlélógún sì ní ọmọ Móábù kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Ẹni tí òfin ní kó dúró síta ni Ọlọ́run fi bọ́ Náómì. Ẹ má sì bú Ópà, ìyàwó ọmọ Náómì kejì, tó padà sílé rẹ̀ o. Ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó ṣe ló ṣe.

Ẹni tí kò rí Abẹ́òkúta

Mo dárúkọ Lókọ́ja lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ lára wa ń gba ibẹ̀ tí a bá ń gbé òkú lọ sílé. Nígbà mìíràn tí ọkọ̀ yín bá dé orí afárá, ẹ rántí Àjàyí Crowther, torí pé odò yẹn ló ń gbà lọ gbà bọ̀ pẹ̀lú ìyìn rere. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ogun ya òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí tó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, tó bá ara rẹ̀ ní Sàró. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà ń gbọ̀n, pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, torí pé Sámúẹ́lì lọmọ rẹ̀.

À ń fẹ́ràn láti pa ìtàn náà dé ibẹ̀, ká pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó wà láàrin. Kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. Ó kàwé, ó fẹ́ ìyàwó tí wọ́n jọ bọ́ nínú ìdè, ó bímọ, ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó kọ ìwé èdè wa. Àìmọ̀ náà wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, ó ń bá a jẹun. Ó sì wà láàrin wa níbí àwọn tí ìjà Kaduna tàbí ti Jos já èèyàn gbà lọ́wọ́ wọn, tí kò sí Abẹ́òkúta kankan fún láyé yìí. N kò ní ṣèlérí tí Ọlọ́run kò ṣe fún wọn. Àjíǹde la ní. Títí dìgbà náà, ilé wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì nílò ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn.

Ábúráhámù náà ṣe àtìpó dé ojú rẹ̀. Ọlọ́run ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ Kénáánì fún un. Ilẹ̀ wo ni Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ó kọ́kọ́ fowó rà níbẹ̀? Ibi tó máa sin Sárà sí. Irinwó ṣékélì fàdákà ló san, kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mọ́tò nítorí màlúù ìsìnkú àti aṣọ ẹbí, ẹ má fi Ábúráhámù gbèjà ara yín! Sàréè ló rà, kò pe olórin.

Níbo lo ti pèéṣẹ́ lónìí?

Mo ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Orí kejì ìwé Rúùtù. Rúùtù lọ pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì, ìbátan Elimélékì. Wọ́n fún un lóúnjẹ ọ̀sán, àgbàdo sísun irú tiwọn, ó jẹ, ó yó, ó ṣẹ́ kù. Ẹsẹ kejìdínlógún ní nígbà tó délé, ó mú èyí tó ṣẹ́ kù náà jáde, ó fún ìyá ọkọ rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀ ni o. Ó wé e, ó gbé e rìn láti oko wálé.

Náómì ní, “Níbo lo ti pèéṣẹ́ lónìí?” Kó tó gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ̀ ti là: ó súre fún ẹni tó ṣàánú Rúùtù. Bí Rúùtù ṣe dárúkọ Bóásì báyìí, ó tún súre, ó ní Olúwa kò tíì fi àánú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alààyè àti lọ́dọ̀ àwọn òkú. Láti ìgbà tó ti fẹ̀sùn kan Olódùmarè níwájú àwọn obìnrin ìlú, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìre máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kí ló yí ahọ́n rẹ̀ padà? Oúnjẹ ọ̀sán ẹni kan tó ṣẹ́ kù ni. Ọmọ tí Náómì gbé lé àyà ní orí kẹrin kò tíì sí nígbà náà. Ẹ tún wo Jòhánù orí kọkànlélógún: Olúwa tó jíǹde, tó ti ṣẹ́gun ikú, ẹja ló ń sun lórí ẹyín iná létí odò, ó ní, “Ẹ wá jẹun.”

Ní báyìí, bí àwa ṣe ń ṣe ọ̀fọ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé kún, ìyá opó kò ríbi jókòó. Wọ́n á kó oúnjẹ wá títí yóò fi ṣíkan. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ilẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ kan, kò ní sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn gan-an ni iná máa ń tán nínú mítà. Èmi àti Ìyá Ìjọ ti jọ sọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ti fọwọ́ sí i, pé láti òní lọ, a ó máa gbé oúnjẹ lọ sílé ọ̀fọ̀ láti ẹ̀yìn ogójì ọjọ́ títí ọdún á fi yípo.

Ìwé wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. Ẹ kọ orúkọ yín kí ẹ tó jáde, àti ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ kò lè sè, ẹ lè bá wọn wo jẹnẹrétọ̀, ẹ lè gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ lè bá wọn ra iná. Ẹ má gba àdúrà gígùn níbẹ̀. Ẹ má béèrè bí ó ṣe kú. Bí ẹni náà bá dárúkọ òkú, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ilé mẹ́ta la ó fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé à ń bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó kọ́kọ́ lọ, ní ilé tó wà lẹ́yìn ọjà. Kí ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ lọ síbẹ̀ má fi ata púpọ̀ sí i o, ọmọ kékeré wà nínú ilé náà.

Ẹ ṣeun.